Kíkọ́ Èdè Túrkì Kí Yunifásítì Tó Bẹ̀rẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ọmọ Yorùbá Tó Ń Lọ Kàwé ní Túrkì

Ṣé dandan ni kí n gbọ́ èdè Túrkì kí n tó lè kàwé ní Túrkì?

Èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ẹ̀ka tí ẹ yàn ni yóò dáhùn ìbéèrè yìí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni ní yunifásítì ODTÜ tó wà ní Ankara àti ní Boğaziçi tó wà ní Istanbul, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Bilkent, Koç àti Sabancı, tí wọn kì í ṣe ti ìjọba. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ jù lọ yunifásítì ìjọba, èdè Túrkì ni olùkọ́ fi ń sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n fi kọ ìwé, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò. Àwọn ẹ̀ka kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ìdá 30 nínú 100 ẹ̀kọ́ wọn wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ rántí pé ìdá 70 tó kù, èdè Túrkì ni.

Ẹni tí yóò fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé pàápàá kò lè sá fún èdè náà, nítorí onílé, akọ̀wé báńkì, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí ẹ ó ti gba ìwé ìgbélùú, èdè wọn ni wọ́n máa bá yín sọ.

Kí ni TÖMER, kí sì ni hazırlık? Ṣé nǹkan kan náà ni?

Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àjèjì ní èdè Túrkì ni TÖMER. Yunifásítì Ankara dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1984, orúkọ náà sì ti gbilẹ̀ débi pé bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá tilẹ̀ ń jẹ́ DİLMER tàbí Dil Merkezi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣì máa sọ pé TÖMER ni àwọn ń lọ.

Hazırlık ni ọdún ìmúrasílẹ̀ kí ẹ̀kọ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ti èdè Túrkì tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á gba ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, wọ́n á rò pé Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ẹ̀rí WAEC ti yọ wọ́n, lẹ́yìn náà ni yunifásítì yóò ní kí wọ́n wá jókòó ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì yege yóò lọ sí hazırlık Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ bi yunifásítì yín léèrè, ní kíkọ, irú ìwé ẹ̀rí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń gbà, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.

Ṣé ìdánwò àbáwọlé TR-YÖS náà jẹ́ ìdánwò èdè Túrkì?

Rárá o. Ìṣirò àti ìrònú ni TR-YÖS tí àjọ ÖSYM ń ṣe máa ń dán wò. Ẹni tó bá gba máàkì gíga níbẹ̀ ṣì máa kọ́ èdè Túrkì láti A1, tí í ṣe ìpele àkọ́kọ́, bí ẹ̀ka rẹ̀ bá jẹ́ ti èdè Túrkì.

Báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí n tó lè gbọ́ ọ dé ibi tí yunifásítì ń fẹ́?

Ìpele márùn-ún ni ẹ ó gùn: A1, A2, B1, B2 àti C1. Ẹni tó bá ń lọ kíláàsì lójoojúmọ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, máa ń lo nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ilé ẹ̀kọ́ èdè tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ ka èdè Túrkì mọ́ àwọn èdè tó ń gba ọ̀sẹ̀ 44, tí í ṣe nǹkan bí wákàtí 1,100 nínú kíláàsì, kí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó lè fi ṣiṣẹ́. Ẹ kò ka wákàtí tí ẹ ó lò nídìí ìwé nílé mọ́ ìyẹn.

A1 àti A2 máa ń yára. B1 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń rẹ̀wẹ̀sì, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí so gbólóhùn pọ̀ mọ́ gbólóhùn, tí ọ̀rọ̀ kan náà á sì máa wọ aṣọ mẹ́ta, mẹ́rin. Bí ó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àmì pé ọpọlọ yín kò gbé e.

Kí ni Türkiye Bursları ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá gba sikọ́láṣíìpù rẹ̀?

Türkiye Bursları ni sikọ́láṣíìpù ìjọba Túrkì, àjọ YTB ló sì ń bójú tó o. Láàárín oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ọdún ni wọ́n sábà máa ń gba ìforúkọsílẹ̀. Ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́, ilé gbígbé, adójútòfò ìlera, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, pẹ̀lú owó ìtọ́jú lóṣooṣù, ó sì tún ń san owó ọdún kan tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi kọ́ èdè Túrkì.

Ọdún èdè yìí kan ẹni tí ẹ̀ka rẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. C1 ni wọ́n ń retí kí akẹ́kọ̀ọ́ gbà nígbà tí ọdún náà bá parí. Ẹni tó ti ní ìwé ẹ̀rí C1 tí wọ́n tẹ́wọ́ gbà ṣáájú lè bọ́ sí ẹ̀ka rẹ̀ tààrà.

Èló ni owó TÖMER fún ẹni tó ń sanwó fúnra rẹ̀?

Iye rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn, kì í sì í dúró lójú kan, nítorí owó lira ti ń pàdánù agbára rẹ̀ láti ọdún 2018. Ẹ má ṣe gbé ìṣirò yín ka iye tí ẹni tó lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn sọ fún yín. Ẹ béèrè bóyá iye tí wọ́n dá jẹ́ ti ìpele kan tàbí ti ọdún odindi, kí ẹ sì béèrè bóyá owó ìwé àti owó ìdánwò wà nínú rẹ̀.

Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé kí n tó kúrò ní Nàìjíríà?

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Yunus Emre Enstitüsü, tí í ṣe àjọ tí ń tan èdè àti àṣà Túrkì ká ayé, ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè forúkọ sílẹ̀ fún. Nǹkan mẹ́ta ni mo gbà yín níyànjú láti mọ̀ dájú kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú: lẹ́tà àti ìró wọn, òǹkà, àti bí a ṣe ń sọ ohun tí à ń ṣe lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí geliyorum, tó túmọ̀ sí mò ń bọ̀. Ẹni tó bá débẹ̀ pẹ̀lú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò ní lo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú ìdààmú.

Báwo ni lẹ́tà wọn ṣe rí, báwo ni mo sì ṣe lè pè é?

Lẹ́tà 29 ni wọ́n ní, fáwẹ́lì mẹ́jọ àti kọ́ńsónáǹtì 21. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1928 ni ìjọba Mustafa Kemal Atatürk fi òfin gbé lẹ́tà yìí kalẹ̀, tí wọ́n sì fi lẹ́tà Lárúbáwá tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Nítorí pé wọ́n fara balẹ̀ ṣètò rẹ̀ fún ìró èdè wọn, bí wọ́n bá ṣe kọ ọ̀rọ̀ náà ni ẹ ó ṣe pè é, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú Yorùbá.

Ş wọn ni ṣ wa. C wọn ni j wa, nítorí náà orúkọ Can ń dún bíi jan. P wọn kì í ṣe p tiwa tó ń ti inú ọ̀fun àti ètè jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ètè nìkan ni wọ́n fi ń pè é. Ğ kò ní ìró tirẹ̀, ńṣe ló ń fa fáwẹ́lì tó ṣáájú rẹ̀ gùn, tí dağ, tí í ṣe òkè, fi ń dún bíi daa.

Fáwẹ́lì mẹ́ta ni kò sí nínú èdè wa. Fún ü, ẹ pe i, kí ẹ sì ká ètè yín bí ẹni fẹ́ súfèé. Fún ö, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú e. Fún ı tí kò ní àmì tóótó lórí, ẹ pe u, ṣùgbọ́n kí ẹ fẹ ètè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má fojú kékeré wo ìyàtọ̀ wọn: oldu túmọ̀ sí ó ti ṣẹlẹ̀, öldü túmọ̀ sí ó ti kú.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń gùn tó bẹ́ẹ̀?

Ohun tí àwa fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sọ, àwọn a máa tò ó sẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ev ni ilé, evler ni àwọn ilé, evlerimiz ni àwọn ilé wa, evlerimizden sì ni láti àwọn ilé wa. Àfòmọ́ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, kì í sì í fò síwájú èkejì. Ẹni tó bá ń kọ́ odindi ọ̀rọ̀ gígùn sórí yóò rẹ̀. Ẹ kọ́ àfòmọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa fọwọ́ ara yín tò wọ́n pọ̀.

Àfòmọ́ náà a sì máa yí fáwẹ́lì rẹ̀ padà kí ó lè bá ti ọ̀rọ̀ tó lẹ̀ mọ́ mu: evler ni wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n okullar ni wọ́n ń pe àwọn ilé ẹ̀kọ́. Àǹkóò fáwẹ́lì ni èyí, a sì ní irú rẹ̀ nílé. Ẹ wo ọbẹ̀, ẹsẹ̀ àti ọkọ̀, kí ẹ wá wo epo, olè àti ewé: e àti o kì í bá ẹ àti ọ gbé inú ọ̀rọ̀ kúkurú kan náà. Òfin tiwọn yàtọ̀ sí tiwa, àmọ́ etí yín ti mọ̀ pé fáwẹ́lì lè kọ fáwẹ́lì, ìmọ̀ yẹn kò sì sí lọ́dọ̀ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́.

Ṣé Yorùbá tí mo gbọ́ lè ràn mí lọ́wọ́, àbí Gẹ̀ẹ́sì ni kí n gbà kọ́ ọ?

Yorùbá lè ràn yín lọ́wọ́ ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ, èyí sì ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́kùn-únkúndùn jù lọ nínú gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àlàyé inú ọ̀pọ̀ ìwé, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ a máa gbé gbogbo gbólóhùn gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá, a sì máa bá ìṣòro pàdé níbi tí kò ti sí. Èdè Túrkì kì í ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin: o ni wọ́n ń pe ẹni náà, bí àwa náà ti ń wí pé ó. Sen ni fún ọmọdé àti ẹgbẹ́ ẹni, siz ni fún àgbà àti fún ènìyàn púpọ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ẹnikẹ́ni ní láti kọ́ nígbà tó yẹ kí ó lo siz.

Ẹ wo àfòmọ́ -miş, tí àwọn tó ń ti inú Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ máa ń lo oṣù mélòó kan kí wọ́n tó lóye rẹ̀. Wọ́n ń lò ó fún ohun tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò fojú rí, tó jẹ́ pé wọ́n sọ fún un ni tàbí pé ó rí àmì rẹ̀ lẹ́yìn tó ti ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá jí tí ẹ rí ilẹ̀ tútù, yağmur yağmış ni ẹ ó wí: àṣé òjò rọ̀. Ẹ máa fi àṣé tàbí wọ́n ní rọ́pò -miş nínú ọkàn yín, ẹ ó sì rí i pé ó máa ń bọ́ sí i. Bákan náà ni mi tí wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀ ṣe ń wá sí ìparí: geliyor mu, níbi tí àǹkóò fáwẹ́lì ti sọ mi di mu, ni ó ń bọ̀ bí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwa àti àwọn jọ gbà láti inú èdè Lárúbáwá. Vakit wọn ni wákàtí wa, sabır ni sùúrù, sebep ni sábàbí, dua ni àdúrà, bereket ni àlùbáríkà. Afiyet olsun tí wọ́n ń kí ẹni tó ń jẹun bá àlàáfíà wa tan.

Ibi tí Yorùbá kò ti ní ràn yín lọ́wọ́ ni ètò gbólóhùn, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe wọn ìparí ló máa ń wà. Olú ra ìwé yóò di Olú kitap aldı. Èdè wọn kò sì ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Sílébù kan ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, ìparí ló sì sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí gelme tí a tẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ túmọ̀ sí má wá, gelme tí a tẹ̀ ní ìparí sì túmọ̀ sí wíwá.

Báwo ni mo ṣe máa pe àwọn ènìyàn, báwo ni mo sì ṣe máa kí wọn?

Olùkọ́ yín ni hocam, láti TÖMER títí dé yunifásítì. Orúkọ àbísọ ni wọ́n ń fi oyè ọ̀wọ̀ tẹ̀lé: Ahmet Bey fún ọkùnrin, Ayşe Hanım fún obìnrin. Bey yìí kì í ṣe àjèjì ní Èkó. Sultan Abdülhamid Kejì ló fi oyè náà dá Mohammed Shitta lọ́lá ní ọdún 1894, nígbà tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí tó kọ́, ìdí nìyẹn tí ìdílé rẹ̀ fi ń jẹ́ Shitta-Bey títí di òní.

Ọkùnrin tó ju yín lọ díẹ̀ ni abi, obìnrin tó ju yín lọ díẹ̀ ni abla. Àgbà obìnrin ni teyze, àgbà ọkùnrin sì ni amca, bí ẹ kò tilẹ̀ bá wọn tan. Ẹ má ṣe pe àgbà ní orúkọ rẹ̀ lásán. Ojú tí wọ́n fi ń wo ọ̀ràn yẹn kò yàtọ̀ sí ti ilé.

Ìkíni wọn pọ̀ bíi ti wa. Kolay gelsin ni fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ kú iṣẹ́ náà ni. Geçmiş olsun ni fún aláìsàn. Eline sağlık ni fún ẹni tó se oúnjẹ, hayırlı olsun ni fún ẹni tó ra nǹkan tuntun tàbí tó gba iṣẹ́, başınız sağ olsun ni fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn yìí ní kùtùkùtù. Ọmọ Áfíríkà tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó wí pé kolay gelsin, onítọ̀hún yóò yí gbogbo ara kọjú sí i, ọ̀rọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀.

Ìlú wo ló dára jù láti kọ́ èdè náà?

Mo fara mọ́ ìlú tí kò tóbi jù. Ní Istanbul, ẹ lè fi oṣù púpọ̀ gbé láàárín àwọn ọmọ ilé àti àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Lárúbáwá, kí ẹ má sì fi èdè Túrkì ṣe ju oúnjẹ rírà lọ. Ní Isparta, Kütahya tàbí Sivas, kò sí ọ̀nà míì tí ẹ ó gbà. Òtútù Sivas le púpọ̀, kí ẹ múra sílẹ̀ fún un.

Bí wọ́n bá fún yín ní àyè nínú ilé gbígbé ìjọba, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń pè ní KYK, ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi yín sí yàrá tí ọmọ Túrkì wà. Yàrá tó kún fún ọmọ ilé dùn-ún gbé, ṣùgbọ́n ó ń dá èdè dúró.

Àwọn ìwé ìjọba wo ni mo gbọ́dọ̀ tètè ṣe lọ́dún èdè?

Ìwé ìgbélùú akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń pè ní ikamet, ló ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ àjèjì tó jẹ́ díjíìtì 11, tó máa ń fi 99 bẹ̀rẹ̀, tí báńkì àti ilé ìwòsàn yóò máa béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó bá fẹ́ wọ adójútòfò ìlera ìjọba, tí í ṣe GSS, ní oṣù mẹ́ta láti ìgbà tó forúkọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kí ó kọjá, àǹfààní náà bọ́. Ẹ lọ bi ọ́fíìsì öğrenci işleri, tó ń bójú tó ọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, bóyá ọdún èdè ni wọ́n ti ń ka oṣù mẹ́ta náà tàbí ìgbà tí ẹ bá wọ ẹ̀ka yín.

Mo ń gbọ́ olùkọ́ mi yékéyéké. Kí ló dé tí n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará ọjà?

Olùkọ́ ń sọ èdè bí wọ́n ti kọ ọ́. Ará ọjà ń gé e kúrú. Geliyorum á di geliyom, bir şey á di bişey, ne yapıyorsun á di napıyosun. Ẹ ronú sí bí ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Èkìtì ṣe ń sọ tirẹ̀ nílé, tí kò sì sí ọ̀kan tó jọ ti inú ìwé. Ẹ máa wo eré tẹlifíṣọ̀n wọn pẹ̀lú àkọlé èdè Túrkì nísàlẹ̀, kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣé ìwé ẹ̀rí tí mo gbà ní ibì kan yóò ṣiṣẹ́ ní yunifásítì mìíràn?

Kò dájú. Yunifásítì kan a máa gba ìwé ẹ̀rí TÖMER ti yunifásítì míì, òmíràn a ní tòun nìkan ni, tàbí kí ó ní kí ẹ ṣe ìdánwò òun. Yunus Emre Enstitüsü ní ìdánwò tirẹ̀, TYS, tó ń dán kíkà, gbígbọ́, kíkọ àti sísọ wò, ó sì wúlò fún ẹni tó dá kọ́ èdè náà.

Ewu tó pọ̀ jù wà nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ èdè aládàáni tí wọ́n ń polówó C1 láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ kọ lẹ́tà íméèlì sí yunifásítì tí ẹ fẹ́ wọ̀, kí ẹ dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ sì dúró de èsì kí ẹ tó sanwó. Ọ̀rọ̀ ẹnu aṣojú kò tó.

Mo ti gba C1. Kí ló dé tí n kò lóye ẹ̀kọ́ nínú kíláàsì yunifásítì?

C1 fi hàn pé ẹ lè gbé pẹ̀lú èdè náà. Èdè ìwé yunifásítì tún yàtọ̀. Olùkọ́ kò ní wí pé wọ́n ń ṣe é, yapılmaktadır ni yóò wí, yóò sì kó gbólóhùn mẹ́rin sínú ẹyọ kan tí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kò ní dé títí ìlà kẹta. Ẹ kọ́ láti máa wá ọ̀rọ̀-ìṣe ìparí náà kí ẹ tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdí kejì wà nínú ìtàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Türk Dil Kurumu, àjọ tó ń bójú tó èdè Túrkì, sílẹ̀ ní ọdún 1932 ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ Túrkì rọ́pò ọ̀rọ̀ Lárúbáwá àti ti Páṣíà, nítorí náà nǹkan kan lè ní orúkọ méjì: okul àti mektep fún ilé ẹ̀kọ́, öğrenci àti talebe fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ni èyí máa ń kàn jù, torí àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ bíi zilyet àti müteselsil ṣì pọ̀ nínú ìwé wọn, TÖMER kì í sì í kọ́ni ní ìwọ̀nyí.

Oṣù méjì kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ìwé ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀ka yín, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ inú orí méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ní kíláàsì, ẹ jókòó síwájú, kí ẹ sì tọrọ àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Túrkì kan. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fi í duni.

Bí n kò bá rí C1 gbà nígbà tí ọdún bá parí ńkọ́?

Fún ẹni tó ń sanwó fúnra rẹ̀, yunifásítì púpọ̀ máa ń fi àkókò kún un, àwọn mìíràn sì ń gba B2 pẹ̀lú àdéhùn pé kí ó parí C1 láìpẹ́. Ẹ ka ìlànà yunifásítì yín, tí wọ́n ń pè ní yönerge, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ yín. Fún ẹni tó wà lórí Türkiye Bursları, sikọ́láṣíìpù fúnra rẹ̀ lè bọ́, nítorí náà ẹ má ṣe dúró de oṣù ìkẹyìn.

Bí ó bá ku oṣù mẹ́ta tí ẹ ṣì wà ní B1, ẹ lọ bá olùkọ́ yín, kí ẹ béèrè èyí tó ń fa yín sẹ́yìn nínú kíkà, gbígbọ́, kíkọ àti sísọ. Ìwé kíkọ ni ó máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ máa kọ ojú ìwé kan lójoojúmọ́ lórí ọ̀rọ̀ tó le, bí òfin, ìlera tàbí ọrọ̀ ajé, kí ẹ fún hocam tàbí ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá láti ṣàtúnṣe rẹ̀, kí ẹ sì tún ojú ìwé kan náà kọ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú àtúnṣe náà nínú rẹ̀.